Òógùn Tí Ọ̀gá Fèrè Pàtẹ́wọ́ Fún

                                        Yàrá Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Ilé Alátẹ̀gùn.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹta.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá ńkọ́, ṣé ikọ́ wọn ti lọ? Àbúrò rẹ tí eyín ń yọ lẹ́nu ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ọkọ mi ní kí n kí ọ. Iṣẹ́ iná mànàmáná tó ń ṣe ń gbé e jáde láàárọ̀ kùtù, nítorí náà èmi àti màmá rẹ̀ la jọ ń wo ojú ara wa títí ilẹ̀ á fi ṣú. O sì mọ bí ẹnu mi ṣe wúwo tó. Látìgbà tí mo ti wọlé wọn, "ẹ káàárọ̀ mà" àti "ẹ ṣé mà" ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí kí wọ́n má lọ rò pé òmùgọ̀ ni ọmọ wọn gbé wálé.

Jẹ́ kí n ro ẹjọ́ kan fún ọ, nítorí inú ṣì ń bí mi.

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni Màmá ń jókòó sí látàárọ̀. Ó ti tó ọdún kan tí nǹkan oṣù wọn ti ń ṣe ségesège, ó fẹ́ dáwọ́ dúró. Wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́, ooru á kàn ṣàdédé gùn wọ́n láti àyà dé orí, wọ́n á ní kí n ṣí fèrèsé, èmi á sì máa gbọ̀n. Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, ikùn ti dẹ̀. Oníbàárà wọn kan wá júwe ọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn obìnrin ní eré ìdárayá, pé bí ikùn bá lágbára, ẹ̀yìn á sinmi. Ọ̀rọ̀ yẹn dára. Ọkùnrin yẹn gan-an ni kò dára.

Èmi ni mo sin Màmá lọ sí yàrá tó ti ń kọ́ àwọn obìnrin náà. Ọ̀gá Fèrè ni mo sọ ọ́. Fèrè ló gbé kọ́rùn, tó ń fọn ọ́n sétí àwọn tó tó bí i lọ́mọ. Bó bá sọ̀rọ̀ díẹ̀, á yíjú sí gíláàsì fèrèsé, á wo apá rẹ̀, á tún un wò. Aṣọ rẹ̀ fún débi pé ilẹ̀ ni mò ń wò. Àgbá òfìfo ló kúkú ń pariwo. Kò bi ẹnikẹ́ni pé kí ló ń ṣe ọ́.

"Ẹ dùbúlẹ̀! Ẹ fọwọ́ di ẹ̀yìn ọrùn mú! Ẹ dá èémí dúró! Ẹ fa ara yín dìde!"

Bí Màmá ṣe ń fi tipátipá fa ọrùn wọn, mo rí i tí àárín ikùn wọn yọ gọngọ bí ebè. Ìgbà náà ni ooru wọn dé. Ojú wọn pọ́n, òógùn bò wọ́n bí ẹni tí òjò pa. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí ọ̀dẹ̀ yìí ṣe? Ó pàtẹ́wọ́!

"Ẹ wo Màmá Aránṣọ! Ọ̀rá ló ń yọ́ yẹn o! Ẹ̀yin yòókù, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀!"

Ọ̀rá wo? Ooru tó ń jí wọn lójú oorun ló ń gbóríyìn fún. Gbogbo wọn sì bá a pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ti yin Màmá, ojú ń tì wọ́n láti dúró. Wọ́n ń fà á lọ títí ètè wọn fi funfun, ọwọ́ wọn sì ń wá ilẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò mọ ẹni tó la ẹnu mi. Ohùn mi ni mo gbọ́: "Màmá, ó tó o! Ẹ dùbúlẹ̀ padà, ẹ mí!"

Ọ̀gá Fèrè fi mí rẹ́rìn-ín. "Ta nìyẹn? Ìyàwó ilé ni àbí dókítà?"

Mo ní, "Ìyàwó wọn ni mí. Ooru ara wọn lẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún, kì í ṣe iṣẹ́ yín."

Mo dúró ti Màmá títí ojú wọn fi wálẹ̀, a sì jáde. Wọ́n ń yára lọ níwájú mi lójú ọ̀nà. Mo ti ń di ẹrù mi nínú ọkàn. Ìgbà tá a yà ní ìkóríta ni wọ́n dúró.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ooru ni?"

"Mà, èmi ni mo máa ń ṣí fèrèsé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Wọ́n ní, "Mú mi lọ sílé ìwòsàn, olófòófó."

Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì pòṣé sí Ọ̀gá Fèrè láìrí i rí. Ó ní eré ìdárayá dára fún wọn gan-an, àmọ́ kì í ṣe ìfagagbága. Ní àsìkò tí nǹkan oṣù bá fẹ́ dáwọ́ dúró, ara kì í lágbára bíi tàtijọ́, dídá èémí dúró sì ń ti ikùn síta, ó ń tẹ àpò ìtọ̀ mọ́lẹ̀. Nísinsìnyí, bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ wa là ń ṣe é, àárín ẹ̀rọ àti fáànù la ń tẹ́ ẹní sí. Màmá á fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n á ká orúnkún sókè, wọ́n á mí síta bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á gbé èkejì. Iṣẹ́ mi ni kí n ki ọwọ́ sábẹ́ ìbàdí wọn, kí n mọ̀ bóyá ẹ̀yìn ti gbéra. Bó bá gbéra, a dúró. Bí ooru bá dé, a dúró, a mu omi. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń yí sí kí wọ́n tó dìde.

Lánàá ni wọ́n fọwọ́ gbá ẹní, wọ́n ní, "Ìwọ náà dùbúlẹ̀. Jẹ́ kí ikùn tìẹ kọ́ agbára kó tó gbé ọmọ-ọmọ mi." Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo dùbúlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, inú mi dùn.

Ibẹ̀ la wà tí oníbàárà yẹn fi wọlé, pé Ọ̀gá Fèrè ní kí Màmá padà wá, pé òun ò rí ẹni tó ń làágùn bíi tiwọn mọ́. Màmá ò tilẹ̀ gbórí sókè lórí ẹní.

"Sọ fún un pé mo ti ń làágùn nílé, ìyàwó mi sì ń ṣí fèrèsé."

Bá mi kí Bàbá àti gbogbo ará ilé, kí o sì fẹnu ko àbúrò rẹ lẹ́nu fún mi, eyín ò eyín.

Tìrẹ ni mí títí,
Adákẹ́ (tó ti ń fọhùn díẹ̀díẹ̀).