Píkọ́ọ̀pù Tí Ọkọ Mi Fi Gbé Bàbá Sọ̀kalẹ̀ Lórí Òkè

                                        Ilé Aláwọ̀ Ewé,
                                        Ẹ̀yìn Ọgbà Pákó,
                                        Ìsàlẹ̀ Òkè.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá Ìbejì,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn? Orúnkún tó ń dun ìyá yín nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn, ṣé ó ti rọlẹ̀? Ara tiwa le níbí. Aṣọ wa nìkan ni kò le, epo ẹ́ńjìnnì ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún ọ.

O mọ ilé bàbá mi lórí òkè, o sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Tí òjò bá ti rọ̀, ẹrẹ̀ ibẹ̀ máa ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Ojú Bàbá ti wá ṣú débi pé lọ́jọ́ kan wọ́n kí ẹ̀wù òjò tí mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n sì bínú pé kò dá wọn lóhùn. Dókítà ní àfi kí wọ́n tètè wá ṣe iṣẹ́ abẹ, kí ojú méjèèjì má baà lọ. Píkọ́ọ̀pù tí ọkọ mi fi ń gbé ilẹ̀kùn àti fèrèsé fún àwọn oníbàárà ló yẹ kó gbé wọn wá, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ti ọkọ̀ náà. Tó bá gun òkè dé ìdajì, táyà á máa yí lójú kan, á máa da ẹrẹ̀ sára ẹni tó ń bá a tì í. Èmi ni mo máa ń bá a tì í.

Lọ́dún tó kọjá, ṣe ni ọkọ mi pọn Bàbá sọ̀kalẹ̀. Ẹnì kan ní ìsàlẹ̀ bi í pé ọmọ oṣù mélòó ni. Bàbá gbọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ wá dé, wọ́n ní, “Kàkà kí wọ́n tún pọ̀n mí bí ọmọ ọwọ́, ojú yẹn á kúkú fọ́.” O mọ̀ wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo sunkún. Ọkọ mi kò sunkún ní tirẹ̀, ó lọ bá Kòṣòro.

Kòṣòro ni mẹkáníìkì wa. Ohunkóhun tí o bá bi í, ìdáhùn tó máa fún ọ ni orúkọ rẹ̀ yẹn. Ọkọ mi bi í bóyá èèyàn lè mú kí táyà iwájú náà máa fa ọkọ̀, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa ṣiṣẹ́. Ó ní, “Kò ṣòro.” Ó ní kí a ṣáà wá ògbólógbòó ọkọ̀ tó jẹ́ irú tiwa, tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́, kí a tú àwọn irin abẹ́ rẹ̀ sí tiwa. Wọ́n rí ọ̀kan tí igi wó lù. Òkè rẹ̀ ti di pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ kò tíì gbọ́ pé igi wó.

Ilé wa ni wọ́n kó àwọn irin tí wọ́n tú lára rẹ̀ sí nítorí òjò. Ọ̀pá irin tó máa gbé agbára lọ sí táyà iwájú sùn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Gíábọ́ọ̀sì kékeré tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì sí iwájú àti ẹ̀yìn jókòó sí pálọ̀. Àlejò kan gbé ife tíì lé e. Ọkọ mi rọra gbé ife náà kúrò, ó sì fi aṣọ nu gíábọ́ọ̀sì. Kò nu tábìlì mi bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n gé, wọ́n jó irin mọ́ irin, wọ́n gbé ọkọ̀ náà ga sókè. Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, gbogbo àdúgbò jáde. Ọkọ mi fi ọkọ̀ sí gíá, ó tẹ iná. Ọkọ̀ gbọ̀n, ó ké, kò sì kúrò lójú kan. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Kòṣòro dọ̀bálẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀ títí.

Ó ní, “Táyà ẹ̀yìn ń lọ síwájú.”

Ọkọ mi bi í pé, “Ti iwájú ńkọ́?”

“Òun ń padà sílé.”

Irin ribiti tó wà láàárín táyà iwájú méjèèjì ni wọ́n dojú rẹ̀ dé nígbà tí wọ́n ń dè é. Ìyẹn ni táyà iwájú ṣe ń yí sẹ́yìn. Ilé ìwòsàn sì ti ń retí Bàbá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkọ mi bi í bóyá ó ṣeé tún ṣe. Kòṣòro nu ọwọ́, ó ní, “Ó ṣòro díẹ̀.”

Wọ́n tú gbogbo rẹ̀, wọ́n sì tún un dè. Lọ́jọ́ tí a máa lọ gbé Bàbá, òjò rọ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí ọkọ̀ máa ń kú sí, mo ká aṣọ mi sókè, mo di ilẹ̀kùn mú. Ọkọ mi ní, “Jókòó.” Táyà iwájú bu ẹrẹ̀, ó fà, ọkọ̀ sì ń gòkè. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe.

Bàbá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, “Ta ló tì yín dé ibí?”

Ọkọ mi ní, “Kò sẹ́ni tó tì wá, Bàbá.”

Wọ́n nawọ́, wọ́n fọwọ́ kan táyà ẹ̀yìn, wọ́n tọ ara ọkọ̀ náà dé ti iwájú, wọ́n fọwọ́ kan ìyẹn náà. Ẹrẹ̀ tó wà lára méjèèjì dọ́gba. Wọ́n ní kí a gbé àpótí ìjókòó wá, kí àwọn fi gun ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe di àwọn mú.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, Bàbá wò mí, wọ́n ní mo ti rù. Wọ́n wo ọkọ mi, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọn kò tètè fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a jáde síbi tí ọkọ̀ wà. Wọ́n yí i po, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀, bí dókítà ṣe ní kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ tó.

“Ṣé èyí ló gbé mi sọ̀kalẹ̀?”

“Òun ni, Bàbá.”

“Ká ní mo ríran lọ́jọ́ náà ni, mi ò ní wọ̀ ọ́.”

Bá mi kí Bàbá Ìbejì, kí o bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra, kí o sì sọ fún Ìyá pé mo ní kí wọ́n rọra máa gun àtẹ̀gùn. Bàbá náà ní kí n kí ọ. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń sinmi, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ni wọ́n ti lọ jókòó sínú ọkọ̀ níta, bẹ́ẹ̀ a kò tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ga, ibẹ̀ làwọn ti ń ríran jìnnà jù.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,
Ìyàwó Káfíńtà.