Ẹ Gé Wáyà Abẹ́ Ilẹ̀ Yàrá Màmá Àgbà Kí Iná Tuntun Tó Dé

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Akínfẹ́nwá,
Agége,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹfà, ọdún 1991.

Ọ̀gá Àgbà,
Iléeṣẹ́ Mànàmáná Àdúgbò,
Ìkẹjà,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ GÉ INÁ YÀRÁ Ẹ̀YÌN ILÉ WA KÍ Ẹ TÓ TAN TÍRÁŃSÍFỌ́MÀ TUNTUN NÍ SÁTIDÉ

Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi kọ ìwé yìí. Orúkọ mi ni Abdulafeez Làsísì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Kíláàsì kẹta ni mo ti kúrò ní sẹ́kọ́ńdírì. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ bá mi fojú fò ó, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni mo gbé wá.

Bàbá mi, Ọ̀gbẹ́ni Làsísì, fi yàrá kan kún ẹ̀yìn ilé wa nígbà tí ìyá wọn, Àlàájà Ràbíátù, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, fẹ́ kó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀gbẹ́ni Job ló ṣe iná rẹ̀. Iléeṣẹ́ ìhunṣọ kan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ iná kí wọ́n tó dá wọn dúró. Wọ́n ní abẹ́ ilẹ̀ ni wáyà ń gbà níbẹ̀, kì í fi ara ògiri ṣe ìdọ̀tí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inú gọ́tà tí a fi irin dé ni, ẹnikẹ́ni kì í sì í da omi síbẹ̀. Tiwa, inú yanrìn lásán ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, kò sí páìpù. Ojú mi ni ṣọ́bìrì bíríkìlà ṣe ha wáyà náà lára. Wọ́n bu yanrìn bò ó, wọ́n da kọnkéré lé e.

Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ yàrá ọ̀hún ti ń gbé ènìyàn. Bó bá gbẹ, kò sí wàhálà. Bí omi bá kàn án, á máa rìn wọ ẹsẹ̀ bí èèrà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú nìyí. Làkúrègbé ń da Màmá Àgbà láàmú. Lọ́jọ́ kan wọ́n ṣe àlùwàlá tán, wọ́n gbé ẹsẹ̀ tútù wọlé, ilẹ̀ ta wọ́n jìgì, wọ́n pariwo "Alihamudulilahi!" Wọ́n ní Ọlọ́run fi ìwòsàn sínú yàrá àwọn. Ní báyìí, lẹ́yìn Àsálátù gbogbo ọjọ́ Àìkú, àwọn ìyá àdúgbò ń tò wá. Màmá Àgbà á ní: "Ẹ bọ́ bàtà. Ẹ da omi sẹ́sẹ̀, ẹ má ṣahun omi. Ṣé ó ti ń rìn yín?" Ìyá Munirat á dáhùn: "Ó ti dé orúnkún o, Àlàájà! Ẹ jẹ́ n gbé ẹsẹ̀ kejì lé e." Àgbò Iléyá wa kọ̀ jálẹ̀, kò wọ yàrá náà lọ́jọ́ òjò. Mo ní àgbò gbọ́n jù wá lọ, wọ́n fi ìgbálẹ̀ lé mi jáde.

Ohun tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tíì kú ni pé iná wa kò lágbára. Gílóòbù kàn ń pọ́n bí ojú ọ̀mùtí ni. Ṣùgbọ́n a gbọ́ pé Sátidé lẹ ó tan tíráńsífọ́mà tuntun. Inú gbogbo àdúgbò ń dùn. Èmi nìkan ni n kò lè jẹun, nítorí ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Àsálátù.

Mo ti sọ títí, ẹnu ti ń ro mí. Bàbá mi ní, "Iná ń tàn, kí lo tún ń wá?" Màmá Àgbà ní, "Ìwọ tó ò ń sín lèmọ́ọ̀mù jẹ, tó ò ń sín ṣọ́jà jẹ, ìwọ la ó gbà gbọ́?" Wọn kò parọ́ mọ́ mi. Kò sí ohùn tí n kò lè sín jẹ. Kódà mo ti fi ohùn òṣìṣẹ́ yín pè ní ojú fèrèsé rí, gbogbo ilé sì ń sá kiri láti gbé áyọ́ọ̀nù pamọ́. Nítorí náà, n kò bẹ̀ yín pé kí ẹ gbà mí gbọ́. Ẹ mú tẹ́sítà wá, ẹ da omi sílẹ̀ yàrá náà, kí ẹ wo bí yóò ṣe tàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè ìdí tí a kò fi pa iná yàrá náà fúnra wa. Orí òpó ni wáyà rẹ̀ ti wá tààrà. Kò gba mítà kọjá, kò sì ní fíúsì. Ọ̀gbẹ́ni Job ti kó lọ sí Ìlọrin, kò sì sí ẹlòmíràn tó jẹ́ gun òpó yẹn. Mo mọ ohun tí mo kọ yìí, mo sì mọ ilé ẹni tó jẹ́. Bí òfin bá ní kí ẹ mú ẹnì kan, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi. Kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ládùúgbò.

Ṣùgbọ́n mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ gé wáyà náà kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹjọ́ lè dúró di ọjọ́ Ajé. Àwọn ìyá wa kò ní dúró.

Ẹ ṣeun. Ọ̀nà yín ni mo ń wò.

Èmi ni tiyín, láìṣe àwàdà,

Abdulafeez Làsísì,
Ọmọ ọmọ Àlàájà Ràbíátù.