Ọwọ́ Ìyá Leah Kò Ní Kúrò Lójú Rẹ

Adéjùwọ́n ọmọ mi,

Yèyé rẹ ló ń kí ọ láti Osi. Ìlọrin ńkọ́? Ẹni tó mú ọ débẹ̀ kò ní já ọ jù sílẹ̀. Ara bàbá rẹ ti ń le, iṣu ti ta, ewúrẹ́ wa sì bí ìbejì.

A gbọ́ pé ìdánwò àtiwọ yunifásítì tún gbé ọ ṣubú, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé, àti pé wòlíì rí i pé Ìyá Leah, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ló di ìwé rẹ mú. Háà! Ẹni tó ń yan gààrí títí èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ lójú kó lè san owó ẹ̀kọ́ rẹ! Mo sunkún. Mo kó ẹbí jọ, mo ní kó tú ọ sílẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kúnlẹ̀, ó ní òun ti tú ọ sílẹ̀, àmọ́ kí n bá òun bi ọ́ pé èwo lòun dì mú nínú ìwé ọ̀hún, torí òun ò mọ Físíìsì yàtọ̀ sí Kẹ́mísírì. Láti ọjọ́ náà, òun nìkan ló ń dá jókòó lórí bẹ́ńṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nǹkan kan ló rú mi lójú o. Fèyísayọ̀ àbúrò rẹ, ilé Ìyá Leah yìí náà ló ń gbé, ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń jẹun, ó sì yege. Mo bi í pé wòlíì wo ló rí, ó ní ìwé lòun kà. Mo ní ìyẹn nìkan? Ó ní ìyẹn nìkan ni. Ọmọ yẹn gbéraga! Ó tún ní ìgbàkígbà tí òun bá wo fóònù, tọ̀sán tòru, orí Wásáàpù lo máa ń wà. Mo ní ṣé ó rí i, ibẹ̀ lo ti ń kàwé. Ó rẹ́rìn-ín, n ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ náà ní ẹni tí ò kọ ebè kan ló ń fẹjọ́ ọ̀yà sùn. Mo ní kó panu mọ́.

Nítorí náà, Ìyá Leah ń bọ̀ wá bá ọ gbé títí ìdánwò mìíràn. Ó ní òun á gbé ọwọ́ òun méjèèjì lé orí tábìlì, kí o máa rí wọn bí o ṣe ń kàwé. Ní ti fóònù, ó ní kí o gbé e fún òun, ṣebí òun lẹ ní ó máa ń di nǹkan rẹ mú.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, torí kò sẹ́ni tó ń ra gààrí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Olúwa yóò bá wa ṣẹ́gun ọ̀tá rẹ, níbikíbi tó bá jókòó sí. Mo ka ibí yìí sókè, Ìyá Leah ló kọ́kọ́ ṣe àmín.

Èmi ni yèyé rẹ.