Ẹ̀rọ Rẹ Ti Kí Gbogbo Ayé Tán

Akọ́bí mi, ìwọ tó sọ mí di ìyá,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìjókòó, mo sì kí ọ kú ojú tí o ń tẹ̀ mọ́ iná ẹ̀rọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ojú rẹ kò ní fọ́, ẹ̀yìn rẹ kò ní tẹ̀. Tó o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, ara le, ilé tòrò, ewúrẹ́ tó jẹ apá aṣọ oníbàárà kò kú, apá aṣọ ni kò padà wá.

Bàbá télọ̀ ní kí n kí ọ. Mo fẹ́ pè wọ́n ní orúkọ tó yẹ kí ìyàwó máa pè wọ́n, ìtìjú mú mi, mo gbé gègé sókè. Tí wọ́n bá kí mi ní ìyàwó tuntun lójú ọ̀nà báyìí, abẹ́ tábìlì ni mo ń wọ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ṣùgbọ́n ìwà yẹn kò dáa. Mo ń dá ọ lóhùn, mo ní dúró ná, o kò dúró, tìrẹ lo ń sọ lọ. Bàbá télọ̀ tún un tẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà lo tún sọ, o kò yí ẹyọ kan padà, ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ó dùn ọ́ dénú.

O ní nítorí èdè tí o fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ti àwọn arúgbó ni, kí o dà á nù kí o bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ọmọ mi, ìwé díẹ̀ ni mo kà, ṣùgbọ́n mo lójú. Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ èdè àkọ́kọ́, o fi fọ́tò ránṣẹ́, o ní ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ẹni ni kí ẹ̀rọ kí ayé, pé tìrẹ ti kí i. Inú mi dùn, mo ní ẹ̀rọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé nìyẹn. Ó ṣe díẹ̀, o bọ́ sí èkejì, ẹ̀rọ tún kí ayé. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ló ṣe ìkẹta, ó kí ayé níbẹ̀ náà. Ṣé ìkẹrin la tún fẹ́ lọ fi kí i? Àlejò wo ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń kí onílé láti èṣí, tí kò wọlé jókòó? Ayé ti gbọ́, ayé ti jẹ́ ẹ. Wọlé! Àní ẹ̀rọ náà ńkọ́, ṣé o bi í léèrè? Ẹran ọ̀sìn tí à ń yí ohùn pè lójoojúmọ́ kì í wá mọ́.

Èmi náà ń kọ́ṣẹ́, mi ò tíì sọ fún ọ. Bàbá télọ̀ gbé mi sídìí máṣíìnì tó wà lójú fèrèsé, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí àkísà, wọ́n ní kí n rán an tààrà. Tèmi ń wọ́ bí ipa ejò. Ìyàwó oníbúrẹ́dì rí i, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n wá kọ́ irun dídì, irun ló yá, pé ọjọ́ orí mi ti kọjá ìlà tààrà. O mọ̀ mí, mi ò lè wo èèyàn lójú. Ṣùgbọ́n mi ò dìde. Mo ní kó máa rẹ́rìn-ín lọ, eyín rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Mo ti rán aṣọ ìrọ̀rí kan báyìí, ọ̀tún rẹ̀ gùn ju òsì lọ, orí tó ń sùn lé e kò mọ̀.

Nítorí náà, rárá. Má yí padà. Fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ṣe odindi nǹkan kan, kó tiẹ̀ wọ́. Tó o bá ṣe é tán, tí òmíràn bá wù ọ́, fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ, kí ẹ̀rín ẹnikẹ́ni má lé ọ.

Má sì sọ pé èmi náà yí padà. Mo mọ̀ pé ó wà lẹ́nu rẹ. Mi ò fi bàbá rẹ sílẹ̀ lágbedeméjì, mo bá a dé ibi tí òwú ẹ̀mí rẹ̀ tán.

Jọ̀wọ́, fi owó òróró máṣíìnì ránṣẹ́, ṣùgbọ́n má fi sí báǹkì. Èyí tó kọjá, obìnrin tó wà níbẹ̀ ní ó wà nínú àkáǹtì mi, mo ní kó jẹ́ kí n yọjú wò ó, kò gbà.

Ó ku ẹyọ kan. Ẹ̀rọ rẹ kí gbogbo ayé lẹ́ẹ̀mẹta, ìwọ kò tíì kí mi kú ìgbéyàwó. Mo tún ohùn rẹ gbọ́, bóyá mo fo ibẹ̀ ni, kò sí níbẹ̀. Odindi nǹkan tí o máa kọ́kọ́ ṣe yẹn, jẹ́ kó kí èèyàn méjì péré, èmi àti ọkọ mi. Wò ó, mo ti kọ orúkọ tí ìtìjú kò jẹ́ kí n kọ lókè.

Ohun tí o bá dáwọ́ lé, ọwọ́ rẹ yóò parí rẹ̀. Wọn kò ní rẹ́rìn-ín rẹ dalẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
ìyàwó télọ̀.