Orúkọ Tí Mi Ò Ní Sọ Ọmọ Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ-ọmọ yín ti dé. Obìnrin ni. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ mú jáde bíi tèmi gẹ́lẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn Ìgándò sì làágùn kí orí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀la la ó sọ ọ́ lórúkọ nílé yín ní Ẹ̀gbẹ́dá, àmọ́ Àǹtí Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, ti ń pè é ní Ìgè kiri àdúgbò. Wọ́n ní kí n tètè wá pàṣán, pé ọmọ tó bá fi ẹsẹ̀ wáyé kì í gbọ́ràn. Bàbá, mi ò gbà.

Èmi tí mo gbé orúkọ yẹn dàgbà mọ bó ṣe wúwo tó. Bí mo bá sunkún, Ìgè ni. Bí mo bá béèrè ìdí tí àbúrò mi ọkùnrin kì í fi í fọ abọ́, Ìgè náà ni. Ẹ ó mi orí, ẹ ó tún fìlà yín ṣe, ẹ ó ní bí ọ̀run ṣe dá mi nìyẹn. Ṣé ẹ ò rò ó rí pé ó ṣeé ṣe kí n ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò?

Sàíkọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Nígbà tí a dé orí ohun tó ń sọ èèyàn di irú ẹni tó jẹ́, ẹ̀yin ni mo ń bá jà lọ́kàn mi níwájú pátákó. Àwọn onímọ̀ kan gbè yín díẹ̀: wọ́n ní a máa ń bí ìwà mìíràn mọ́ni. Àwọn kan ní ohun tó ṣẹlẹ̀ síni ní kékeré, tí a ti gbàgbé, ló ṣì ń tì wá kiri. Àwọn mìíràn ní ìyìn àti ẹgba ni, pé ohun tí wọ́n bá yin ọmọ fún ló máa ń tún ṣe. Àwọn kan sì ní èèyàn lè fúnra rẹ̀ yan irú ẹni tó fẹ́ dà. Kò sí ìkankan nínú wọn tó béèrè bóyá ẹsẹ̀ lọmọ fi jáde. Mo wá a títí jàre.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó ní ohun tí ọmọ bá ń wò ló ń kọ́. Ibẹ̀ ni mo ti dá ẹ̀kọ́ dúró, tí mo rẹ́rìn-ín, tí omi sì bọ́ lójú mi. Mo rántí ìgbà tí ọ̀gá akọrin ní kí ẹ lọ sinmi, pé ohùn yín ń da orin rú. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹ wọ aṣọ akọrin yín, ẹ jókòó sí àyè yín, ẹ sì fi gbogbo agbára kọrin. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe títí ó fi sú wọn. Èmi sì wà ní ìjókòó iwájú, mò ń wò yín. Ẹ̀yin tí ẹ fi orí wáyé bíi gbogbo èèyàn, níbo lẹ ti rí agídí tiyín?

Lọ́la, bí wọ́n bá dárúkọ Ìgè, màá gba ọmọ mi lọ́wọ́ wọn lójú àlùfáà àti gbogbo ẹbí. Bó bá wá ya alágídí tó bá dàgbà, kí ẹnikẹ́ni má wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n wo ìyá rẹ̀, kí wọ́n sì rántí ẹni tí ìyá rẹ̀ ń wò.

Láti ọjọ́ tí a ti sin yín ni àárò yín ti ń sọ mí gan-an. Ẹ sùn re o.

Èmi ni,
Ìgè yín tí kò gbọ́ràn, tó sì fẹ́ràn yín.