Orúkọ Yín Lẹ́nu Màmá

7, Òpópónà Alágbẹ̀dẹ,
Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó,
Sùúrùlérè, Èkó.
16 Oṣù Kẹfà, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òjò. Ikọ́ Jemimah ńkọ́, ṣé ó ti lọ? Bùọ̀dá ńkọ́? Ọgbẹ́ ọ̀fun Màmá ti jinná, ẹ má jáyà. Nǹkan míì ló ṣẹlẹ̀, n kò sì lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí Màmá kì í jìnnà sí mi, etí wọn sì mú.

Ẹ rántí pé kí dókítà tó yọ gògóńgò wọn, a gba ohùn wọn sílẹ̀: "Omi", "Ó ń dùn mí", àdúrà àárọ̀, orúkọ gbogbo wa. Mo ń kọ ètò kan sórí fóònù wọn, kí wọ́n lè tẹ bọ́tìnì kí ohùn tiwọn gan-an jáde. Olè ti jí fóònù tí a fi gbà á sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ní Muṣin, nítorí náà inú kọ̀ǹpútà mi nìkan ni ohùn náà kù sí.

Lọ́sàn-án Sátidé, èmi àti Jude tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá jókòó tì í. N kò kó ohùn Màmá sínú fódà iṣẹ́ mi; ìtọ́ka lásán ni mo fi síbẹ̀, tó ń júwe fódà tí ohùn wà. Mo wá ní kí irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ètò gbá pàǹtí inú fódà iṣẹ́ dànù. Ìtọ́ka yẹn nìkan ló yẹ kó yọ. Àfi bí ẹni tí a ní kó yọ pátákó oríta, tó tẹ̀lé àmì orí rẹ̀ délé onílé, tó wá ń kó ẹrù wọn jù síta! Mo ń wo orúkọ fáìlì ohùn Màmá bí wọ́n ṣe ń sá kọjá, tí ó ń pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń tẹ kọ̀ǹpútà, kò dá mi lóhùn.

"Motọ́, yọ wáyà yẹn! Yọ ọ́ jàre, bátìrì ẹ ṣáà ti kú!" Jude ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Mo fà á yọ lára ògiri, gbogbo rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Bátìrì tí mo ń bú lójoojúmọ́ ló gbà wá. Nígbà tí a tàn án padà, a rí i pé láti orí lẹ́tà A ló ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì rìn jìnnà. Àdúrà àárọ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n Màmá ti fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí WhatsApp àwọn ìyá ìjọ rí, mo mú un níbẹ̀. Jude ní àwọn tó ṣe irinṣẹ́ náà ti tún àṣìṣe yẹn ṣe nínú èyí tuntun; tiwa ló ti pẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí n kò rí gbà padà ni orúkọ yín, "Adùnọlá". Láti ìgbà tí ẹ ti bí Jemimah, "Ìyá Jemimah" ni Màmá ń pè yín. Ọjọ́ tí a gba ohùn yẹn nìkan ni wọ́n pè yín bí wọ́n ṣe ń pè yín ní kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fídíò ìgbéyàwó yín jáde. Bóyá wọ́n dárúkọ yín níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún yín.

Lánàá, tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo gbé fóònù fún wọn. Wọ́n tẹ Kọ́lápọ̀ àbúrò wa, ohùn jáde, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ tiyín, fóònù pa kẹ́kẹ́. Wọ́n gbé e sétí, wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n wá wò mí, wọ́n ń fi ètè pe orúkọ yín láìsí ohùn.

Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá, ẹ bá mi gbá Jemimah mọ́ra. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o. Bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n tún ti tẹ orúkọ yín.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
Motọ́lání