Wọn Ò Sọ Ọwọ́ Ta

Ìyá wa, Mọ̀ríámọ̀ ọmọ Ọ̀yọ́, ọdún kejì rèé tí ẹ sùn tí ẹ ò jí. Ọdún kejì! Kò tíì mọ́ ẹnu wa lára láti pe orúkọ yín kí ẹ má dá wa lóhùn.

Shamsudeen tí ẹ pọ̀n ti ń lọ sí iléèwé. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká, àlàfo ibẹ̀ ló fi ń súfèé kiri ilé. Marufat ọmọ yín ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Tákìé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Mẹ́ta ni máṣíìnì ibẹ̀! Ìyá wa, ẹ̀yin lẹ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀.

Ṣé ẹ rántí? Ogójì ọjọ́ pé tí Marufat bí Shamsudeen, ó pọ̀n ọ́n, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Martha tó ń bá ránṣọ gbowó. Ọ̀gá, tó máa ń fi orúkọ ọkọ rẹ̀ pè é, wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ìyàwó Mùílì, abiyamọ ò lè jókòó ti yunifọ́ọ̀mù iléèwé. Ọmọ á ké, aṣọ á wọ́. Tó bá ti sùn, máa bá wa rán bọ́tìnnì."

Bọ́tìnnì! Ẹni tó ti ń gé aṣọ fúnra rẹ̀! Owó tó ń wọlé fún un ò wá tó nǹkan mọ́. Ó délé, ó wo ọmọ, ó rẹ́rìn-ín sí i, lẹ́yìn náà ló sunkún. Ó ní òun á kúkú fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí yín ní Ọ̀yọ́. Ẹ ò bú ẹnikẹ́ni. Ẹ di ẹrù, ẹ wọkọ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ará ilé ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹ fẹ́ lọ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Èsì yín ṣì ń dún létí wa: "Ọmọ ọwọ́ la ń pè é. Wọn ò sọ ọwọ́ ta."

Báyìí ni Marufat ṣe padà sídìí máṣíìnì láìpọnmọ. Ọ̀sán pọ́n, ẹ gbé Shamsudeen dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá Martha ò mọ̀ yín rí, ó rò pé oníbàárà ni yín.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Kí lẹ fẹ́ rán?"

"N ò ránṣọ, ìyá mi. Oúnjẹ ẹnìkan ló wà lọ́dọ̀ yín, a wá jẹ ẹ́ ni."

"Oúnjẹ kẹ̀? A kì í se oúnjẹ níbí o!"

Shamsudeen bú sẹ́kún, ọmú Marufat gbọ́, ó rin bùláòsì rẹ̀. Ha! Ẹ̀rín pa Ọ̀gá títí ó fi fẹ̀yìn ti tábìlì ìlọṣọ. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn ọmọ iṣẹ́ á pariwo: "Olóúnjẹ ti dé!" Marufat á fún ọmọ lọ́mú, á gbé e padà fún yín, á sì kọjú sí yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Kò padà sídìí bọ́tìnnì mọ́. Bí Ọ̀gá bá kí yín kú iṣẹ́ ọmọ, èsì ọmọ ọwọ́ yẹn náà lẹ máa ń fún un.

Ẹ̀yin náà níṣẹ́ o, ìyá wa. Ẹ pa àtẹ irú yín ní ọjà Àkẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ tì nítorí wa, ẹ ò sì fi ṣe ìrègún fún wa rí. Nígbà náà, Marufat rò pé eré ọmọ-ọmọ lẹ wá ṣe. Ó ti yé e báyìí.

Ó yé e gan-an nígbà tó bí Ràódàt lẹ́yìn tí ẹ ti lọ. Ọwọ́ ta ló kù? Bó ṣe ń múra láti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa nítorí ọmọ, arúgbó kan wọlé, ó mú ìró dání. Ọ̀gá Martha ni! Ojú rẹ̀ ò ríhò abẹ́rẹ́ mọ́, ó ti fi aṣọ rírán sílẹ̀. Kò jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí Marufat.

"Gbé e wá jàre, Ìyàwó Mùílì. Ṣebí wọn ò sọ ọwọ́ ta."

Ìyá wa, ọ̀rọ̀ yín ló sọ! Ràódàt ò mọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ń sùn sí lónìí, ẹ̀yin lẹ wá a fún un.

Àárò yín ṣì ń sọ wá, ìfẹ́ yín ò dín lọ́kàn wa. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ọmọ kí ìyá ọmọ lè rọ́wọ́ ṣiṣẹ́, kí Ọlọ́run fi ọwọ́ tirẹ̀ gbé yín.

Àwa ọmọ yín, ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, 1989.